Dókítà Ògúntọ́lá Sápàrà àti Àrùn Tí A Kì í Dárúkọ

Ní ayé àwọn baba wa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí ilẹ̀ sì gbóná, kò sí ẹni tí ó jẹ́ pe Ṣọ̀pọ̀nná ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Olóde ni àwọn ènìyàn ń pè é, tàbí Ọbalúayé. Ẹni tí ó bá pa, a kì í sunkún rẹ̀; àwọn abọrẹ̀ ni í gbé òkú rẹ̀ lọ sin, àwọn náà ni í sì í kó ẹrù rẹ̀. Inú irú ìbẹ̀rù yìí ni Dókítà Ògúntọ́lá Sápàrà wọ̀ lọ, ẹni tí ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ọjọ́ 9 oṣù Òkúdù ọdún 1861 ni a bí i ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ará Iléṣà ni baba rẹ̀, ẹni tí a kó lẹ́rú rí tí ó sì gba òmìnira. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà ó yọ aṣọ orúkọ náà sọnù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, ẹni àkọ́kọ́ tí ó di lọ́yà nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Iṣẹ́ apòògùn ni Ògúntọ́lá ń ṣe kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1888 láti kọ́ ìṣègùn ní St Thomas's Hospital. Ó gba ìwé ẹ̀rí ní ilẹ̀ Scotland ní 1895, nígbà tí ó sì di 1896, ìjọba Èkó gbà á sí iṣẹ́ dókítà.

Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀ràn náà ti bá a ní 1897, nígbà tí àrùn náà ń pa ènìyàn bí ẹni ń gé koríko. Ọwọ́ àwọn dókítà kò ṣófo: abẹ́rẹ́ àbùpá wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Inú ọkọ̀ òkun ni oògùn àbùpá ti ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, oòrùn ilẹ̀ wa a sì pa agbára rẹ̀. Ẹni tí a bu pá fún tí kò mú, tí àrùn sì tún kọ lù, ta ni yóò tún gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu mọ́? Èyí tí ó burú jùlọ ni pé ìbẹ̀rù àwọn abọrẹ̀ ju ìbẹ̀rù àrùn lọ.

Sápàrà kò jókòó sí ilé-ìwòsàn kí ó máa bú àwọn ará oko ní òpè. Ó dọ́gbọ́n, ó wọ inú awo náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ó rí níbẹ̀, tí ó sì ròyìn fún ìjọba, ni pé àwọn kan ń ha ẹ̀pá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í tan àrùn náà kálẹ̀. Ní 1907 ìjọba ṣe òfin tí ó fòpin sí ẹgbẹ́ awo náà.

Kí a má ṣe torí èyí pe gbogbo olórìṣà ní apànìyàn. Èèwọ̀ ìlù àti àríyá ní àkókò ìgbóná, àti bí a ti ń ya aláìsàn sọ́tọ̀, ọgbọ́n ìlera ni. Sápàrà fúnra rẹ̀ kò kẹ́gàn ìmọ̀ àwọn àgbà, nítorí ó fi ara balẹ̀ wádìí ewé àti egbò ilẹ̀ yìí. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, ó bá ikọ́ ife jà, àti ilé híhá tí ó ń bí i. Oṣù Òkúdù 1935 ni ó kú.

Ní tiwa, a kò gbà pé òfin 1907 ni ó lé Ṣọ̀pọ̀nná lọ. Òfin lè ti ojúbọ, kò lè ti ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni àrùn náà ṣì ń jà káàkiri. Ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni gbígbé oògùn tọ àwọn ènìyàn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni a mọ bí a ti ń gbẹ oògùn àbùpá tí ooru kò fi ní bà á jẹ́. Ní 1967, orílẹ̀-èdè 20 ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfríkà, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Gbogbo abúlé a péjọ sí ibi kan, ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, arúgbó lórí ọ̀pá, a ó sì bu pá fún wọn tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń gbé sí apá, tí ó lè bu pá fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n kí àwọn ènìyàn tó jáde, ọba àti baálẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọdún 1970 ni a rí aláìsàn ìgbóná tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé. Àpá àbùpá náà ṣì wà ní apá àwọn àgbà wa, róbótó bí kọ́bọ̀.