Heinrich Hertz: Ẹni Tó Gbin Igi Tí Kò Jẹ Èso Rẹ̀

Tí ọkọ̀ òkun bá ń gba iwájú Snake Island wa lọ sí èbúté Tin Can, ẹ wo òkè rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí irin gbọọrọ kan tó ń yí. Rédà nìyẹn. Ó ń ju ìgbì rédíò síta, ìgbì náà á lu nǹkan, á padà wá, ọ̀gá ọkọ̀ á sì mọ ohun tó wà níwájú, kódà nínú òkùnkùn. Ẹni tí iṣẹ́ yìí ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kú kí wọ́n tó ṣe rédà kankan. Orúkọ rẹ̀ ni Heinrich Hertz.

Ìlú Hamburg ní Jámánì, ìlú èbúté bíi tiwa, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, ọdún 1857. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀. Ó gba oyè dókítà ní Berlin ní 1880, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Karlsruhe ní 1885.

Maxwell, ọmọ Scotland, ti fi ìṣirò sọ pé ìgbì kan wà tí a kò lè fojú rí, tó ń sáré bí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Maxwell kú ní 1879 láìsí ẹni tó fi hàn pé òótọ́ ni. Hertz ló fi hàn. Ó mú kí iná ta láàárín irin méjì. Ó wá gbé òrùka wáyà tó ní àlàfo tíntín sí ọ̀ọ́kán. Iná kékeré ta níbẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ wáyà kankan kò so wọ́n pọ̀!

Kò tíì tán o. Ó ta wáyà bàbà sórí férémù ńlá bí okùn gìtá. Tí wáyà yìí bá dúró bí irin tó ń ta iná ṣe dúró, ìgbì kò ní kọjá. Tó bá yí férémù sí ìbú, ìgbì á kọjá. Ibẹ̀ ló ti hàn pé ìgbì rédíò ní ìhà tó ń mì sí. Ohun tí wọ́n ń pè ní polarization nìyẹn.

Hertz fúnra rẹ̀ kò rò pé ìgbì yìí máa wúlò fún iṣẹ́ kankan. Àìsàn dé, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò gbọ́. Ó kú ní Bonn ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọdún 1894, ó fi ìyàwó rẹ̀ Elisabeth àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Ọmọ ọdún 36 péré ni.

Ní 1946, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ju ìgbì rédíò lu òṣùpá, ó sì padà wá láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń mú kí ìgbì náà máa yí bí ẹni ń yí nọ́ọ̀tì. Tó bá lu ilẹ̀ tó tẹ́jú, á máa yí sí ọwọ́ kejì bọ̀. Tó bá lu ilẹ̀ págunpàgun tàbí yìnyín, púpọ̀ nínú rẹ̀ á máa yí sí ọwọ́ tó bá lọ. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi rí àmì yìnyín ní Mercury ní 1991, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ èèyàn kankan kò tẹ ibẹ̀ rí.

A máa ń bi tíṣà físíìsì wa pé kí la fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe. Hertz náà kò mọ̀. Ó ṣáà ṣe é dáadáa, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lónìí, tí rédíò bá ti pe mẹgahẹ́ẹ̀tìsì, orúkọ rẹ̀ ló ń pè.