Awólọ́wọ̀ àti Ilẹ̀ Ìkẹjà

Gbogbo wa la mọ ojú Awólọ́wọ̀, torí ó wà lára ọgọ́rùn-ún náírà. Bí tíṣà bá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni gbogbo kíláàsì máa ń ké. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwò rẹ̀ ni tèmi lọ́sẹ̀ yìí.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ ló wá ń forí ṣe fọrùn ṣe láti rí owó ilé-ìwé. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó kọ ìròyìn, ó fi mọ́tò ṣòwò, ó ra kòkó. Kòkó yẹn ló kó o sí gbèsè, débi tí wọ́n fi gba dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń fo ibí yìí, èmi ò ní fò ó: ẹni tí gbèsè ti lé rí mọ ohun tó ń ba oníṣòwò lẹ́rù. Ó ń kàwé láti ilé títí ó fi gba B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà.

Ní 1954 ó di Prẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn. Ìkẹjà ò tíì sí lábẹ́ Èkó nígbà yẹn, tiwọn ni. Ó sún mọ́ èbúté Àpápá, rélùwéè kọjá níbẹ̀, pápá ọkọ̀ òfurufú wà níbẹ̀. Ṣé ìyẹn tó? Kò tó o. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ń bẹ̀rù ilẹ̀ ẹbí: ẹ̀gbọ́n á tà á lónìí, àbúrò á kó èèyàn wá lọ́la pé òun ò gbọ́ sí i. Ìjọba wá gba ilẹ̀ ńlá kan ní Ìkẹjà, ó la títì síbẹ̀, ó fa omi àti iná wọ̀ ọ́, ó sì ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ. Ìjọba tún ń fi owó tirẹ̀ sí i. Ó bá àwọn òyìnbó dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò sílẹ̀, ó sì bá ilé-iṣẹ́ òyìnbó mìíràn dá WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959. Bí onílé bá ti kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò, ọkàn àlejò á balẹ̀.

Ta ló wá sanwó ọbẹ̀? Àgbẹ̀ kòkó ni. Iye tí àjọ tó ń ra kòkó ń san fún wọn kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, nínú èrè tó kù sì ni ìjọba ti ń bù ná. Wọ́n tún bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé owó orí. Inú bí àwọn èèyàn, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀ nínú ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ti 1954. Kò yẹsẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1955 ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì ń rí ọmọ tó mọ̀wé gbà síṣẹ́. Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé àgbẹ̀ ò lẹ́jọ́: Oǹdó ni kòkó ti ń jáde, Ìkẹjà ni ilé-iṣẹ́ ń pọ̀ sí.

Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 1959. Ní 1962 ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ pé owó ìjọba ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wọ̀n ní 1963 lórí ẹ̀sùn mìíràn, pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1966. Ní 1967 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà sì bá wọn lọ, tòun ti títì, omi, iná àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ náà ni Awólọ́wọ̀ kú sí, ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1987.