Lapiro de Mbanga: Olórin tó di agbẹnusọ àwọn alákiri ọjà Douala, tí wọ́n tún padà kẹ̀yìn sí

Ẹni tó bá fẹ́ rí Lapiro de Mbanga lórí ìtàgé lónìí, inú ilé rẹ̀ ló ti máa wò ó. Olórin náà ti kú láti oṣù Kẹta ọdún 2014, ní ìlú Buffalo lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Fídíò ló kù. Àwọn kan wá láti orí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àwọn mìíràn sì jẹ́ ti ẹni tó gbé kámẹ́rà sáàárín èrò, tí àwòrán ń gbọ̀n tí ohùn sì ń já.

Síbẹ̀, ní Douala, pàápàá láàárín àwọn tó ń tajà kiri ní Marché Central, ìyẹn ọjà àárín ìlú náà, orúkọ rẹ̀ kò tíì parẹ́. Lára àwọn tó ń fi fóònù wo orin rẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti palẹ̀ ẹrù mọ́, a rí ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà tó kọ́kọ́ kọ orin nípa wọn.

Ta ni Lapiro?

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1957 ni wọ́n bí i ní Mbanga, ìlú ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan ní agbègbè Moungo tí kò jìnnà sí Douala. Lambo Sandjo Pierre Roger ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó mú La nínú Lambo, Pi nínú Pierre àti Ro nínú Roger, ó so wọ́n pọ̀, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ kún un. Orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ fún un ni Ndinga Man, ìyẹn ọkùnrin onígìtá.

Kó tó di gbajúmọ̀, ó gbé ní Nàìjíríà fún ìgbà díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Àsìkò Fela Aníkúlápó Kuti ni. Ẹni tó bá gbọ́ orin Lapiro yóò mọ̀ pé ọmọkùnrin yìí gbọ́ Fela dáadáa. Kì í ṣe ìlù nìkan ló mú lọ sílé o. Ó rí i pé olórin lè fi èdè àdúgbò sọ̀rọ̀ sí ìjọba lójú, kí gbogbo ìlú sì máa kọ ọ́ tẹ̀lé e.

Èdè tó fi kọrin jẹ́ àdàlù Pidgin, Faransé àti èdè Douala, irú èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń sọ láàárín ara wọn. Yorùbá tó gbọ́ Pidgin yóò lóye ìdajì, kí Faransé tó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kan ń yínmú sí èdè yìí. Ṣùgbọ́n òun ni àwọn awakọ̀, àwọn tó ń ti ọmọlanke àti àwọn alákiri ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Kí ló so ó pọ̀ mọ́ ọjà Douala?

Ọdún 1985 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1986, ni orin Lapiro tó ń jẹ́ No Make Erreur jáde, tí orúkọ rẹ̀ sì gba ìgboro kan. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn, torí náà ilé aládùúgbò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń wo olórin. Àwọn tí kò rí àyè wọlé á dúró lójú fèrèsé.

Lẹ́yìn náà ló ṣe Mimba We, tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ rántí wa. Orin náà bẹ ìjọba pé kí wọ́n wo àwọn mẹ̀kúnnù tó ń wá oúnjẹ òòjọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní sauveteur.

Sauveteur kò ní ṣọ́ọ̀bù. Orí àti èjìká ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: bàtà níbí, ṣòkòtò òkìríkà lọ́hùn-ún. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ń tajà tó sì ti múra àtisá. Bí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù bá yọ, kí kálukú gbé ẹrù ni. Ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀ ti pàdánù ọjà rẹ̀ nìyẹn. Ará Èkó tó bá mọ KAI kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Ní Kamẹrúùnù, gẹ́gẹ́ bíi ti Nàìjíríà, orí àtẹ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì tí olórin kì í rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kọrin fún náà ló ń jẹ lórí orin rẹ̀ láìfún un ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ yẹn náà ló gbé ohùn rẹ̀ dé ibi tí owó rẹ̀ kò lè gbé e dé.

Ọdún 1991: ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ

Ní ìparí ọdún 1990, ìwé ìròyìn Le Messager tẹ lẹ́tà kan tí onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Célestin Monga kọ sí Ààrẹ Paul Biya jáde. Wọ́n gbé òun àti Pius Njawé, tó ni ìwé ìròyìn náà, lọ sílé ẹjọ́ ní Douala ní oṣù Kínní ọdún 1991. Lapiro wà lára àwọn tó kó èrò jáde láti ṣàtìlẹ́yìn fún wọn. Àsìkò yẹn ni iyì rẹ̀ ga jù.

Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò kéde ètò kan tí wọ́n pè ní villes mortes, ìyẹn ìlú tó kú: kí ọjà tì, kí ọkọ̀ má rìn, kí oníkálukú jókòó sílé títí ìjọba yóò fi gbà láti pe àpérò gbogboogbò. Lapiro kò fara mọ́ ọn. Ó ṣe orin Na Wou Go Pay, tí àkọlé rẹ̀ ń bèèrè ẹni tí yóò san owó ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tí kò bá tajà lọ́jọ́ Ajé ní Marché Central, kò ní oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n àsìkò tó bèèrè rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀, torí pé ìjọba náà ò fẹ́ kí ọjà tì. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ó ní irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kẹ̀yìn sí i, lára wọn ni àwọn alákiri tó torí wọn kọrin, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún fetí sí i.

Títí di òní, bí ẹnì kan bá ṣí fídíò rẹ̀ níbi tí àwọn àgbà bá wà, àríyànjiyàn ọdún 1991 lè bẹ̀rẹ̀ kí orin tó parí.

Orin kan àti ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta

Nígbà tó yá, Lapiro darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò SDF. Ní ọdún 2008, ìjọba fẹ́ yọ òfin tó ní ààrẹ kò gbọ́dọ̀ ju sáà méjì lọ kúrò nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Biya ti wà lórí àléfà láti ọdún 1982. Lapiro kọ orin Constitution Constipée, ìyẹn ìwé òfin tí kò rí ìgbẹ́ yà. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kò gbé e sáfẹ́fẹ́.

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún náà, ìyanṣẹ́lódì àwọn awakọ̀ lórí owó epo di rògbòdìyàn ní Douala àti àwọn ìlú mìíràn. Ìjọba ní èèyàn 40 ló kú. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní wọ́n lé ní 100. Ní Mbanga, wọ́n ba oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá jẹ́.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ni wọ́n mú Lapiro. Lọ́jọ́ kejì, ilé aṣòfin fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó lọ́wọ́ nínú ìwà jàgídíjàgan ìlú Mbanga. Ní oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ ní Nkongsamba rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ní kó san 280 mílíọ̀nù owó CFA. Olórin wo ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílé?

Ọgbà ẹ̀wọ̀n New Bell ní Douala, níbi tí èrò ti há mọ́ra wọn, ló ti lo èyí tó pọ̀ nínú ọdún náà. Ó ṣàìsàn níbẹ̀. Agbègbè New Bell kan náà ni Marché Central wà. Kò jìnnà sí àwọn tó kọrin fún, àmọ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ọdún 2009, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Freedom to Create ti olórin tó wà lẹ́wọ̀n. Kò lè lọ gbà á. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2011, ọjọ́ kejì tó pé ọmọ ọdún 54. Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àtìmọ́lé sọ pé kò bófin mu láti tì í mọ́lé.

Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2012, òtútù Buffalo sì rọ́pò oòrùn Mbanga. Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á níbẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2014. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ọmọ ọdún 57. Biya ṣì ni ààrẹ Kamẹrúùnù lọ́jọ́ náà, àwọn sauveteur sì ṣì ń gbé ẹrù sá fún káńsù ní Douala.