Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, Ẹni Tó Wá Ilé fún Àwọn Ọmọ Wa ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan wà nínú wa, láti Agége dé Ọgbà, láti Ọgbà dé Orégùn, tí kò tíì sin ọmọ kan dé pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà rí. Bí kì í bá ṣe ọmọ tiwa, ọmọ ẹnìkan nínú ìjọ ni. A ó gbàdúrà lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà tí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kọjá, a ó nu omijé, a ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Ibi tí ojú wa mọ nìyẹn. Ibi tí ọmọ náà yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì, díẹ̀ nínú wa ló ń béèrè. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí á sọ ìtàn ọkùnrin kan tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Àwọn àgbà ìlú Abẹ́òkúta lè rántí orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sókè òkun lónìí kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1886. Ó kàwé débi pé ó dé Fourah Bay College ní Freetown, nílẹ̀ Sàró. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti so mọ́ Yunifásítì Durham láti ọdún 1876, ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ gboyè ti lè gbà á láìkọjá òkun ńlá, nítorí kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà títí tí ti Ìbàdàn fi dé ní ọdún 1948. Ní ọdún 1922, nígbà tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, Ṣólàńkẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní University College.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí díẹ̀, nítorí ó rọrùn láti rò pé bí nǹkan ṣe wà lónìí náà ló wà nígbà yẹn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní sikọ́láṣípù, ṣọ̀wọ́n bí ojú tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá lọ, owó ẹbí rẹ̀ ló gbé e lọ. Ọmọ oníṣòwò ńlá ni, tàbí ọmọ lọ́yà, tàbí kẹ̀ ọmọ tí gbogbo ẹbí dáwó fún. Ní Agége tiwa níbí, kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan tó dé, oko obì àti oko kòkó ló wà níbẹ̀, owó obì yìí sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n owó tó kúrò ní Èkó lọ́jọ́ náà ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ ni, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí Liverpool. Bí kòkó bá já wálẹ̀ lọ́jà, tàbí bí bàbá bá kú, ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní gbọ́ títí owó ilé yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí owó bá tilẹ̀ wà, ilé ń kọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú yóò rí i pé yàrá wà, yóò kan ilẹ̀kùn, onílé yóò sì wo ojú rẹ̀ kí ó tó sọ fún un pé yàrá ti tán. Yóò rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọmọ ọlọ́lá ni o, ọmọ tí a fi ìlù sìn dé etí òkun. Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀ kò lówó. Ó ń kọ́ àwọn òyìnbó ní èdè Yorùbá kí ó lè rí owó jẹun. Wọ́n sọ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a gbọ́ tó sọ Yorùbá lórí rédíò, ní oṣù kẹfà ọdún 1924, ó sì kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní ọdún 1926.

Ọdún 1924 náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley láti fi àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn han aráyé. Ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ènìyàn wa, bí ẹni pé ajẹ̀nìyàn ni wá. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé láti fèsì. Ìyá kan láti Jàmáíkà, Amy Ashwood Garvey, tó ti jẹ́ aya Marcus Garvey rí, ka ohun tó kọ, ó sì wá a kàn. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìlọsíwájú Nàìjíríà. Ṣólàńkẹ́ fi oyè Ìyálóde dá ìyá náà lọ́lá. Ó dùn mọ́ wa nínú láti kọ èyí sílẹ̀, pé obìnrin kan wà níbi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, ẹgbẹ́ tó tóbi ju ìyẹn lọ bẹ̀rẹ̀. Dókítà Herbert Bankole-Bright láti ilẹ̀ Sàró gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má pín ara wọn sí ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast àti ọmọ Sàró mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 21 ló bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. J. B. Danquah ti Gold Coast ni ààrẹ àkọ́kọ́, Ṣólàńkẹ́ sì di akọ̀wé àgbà. Wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wàásù, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá sì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Stella Thomas, ọmọ Èkó tó di obìnrin lọ́yà àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ wa ní ọdún 1933, wà lára àwọn obìnrin tó bá ẹgbẹ́ náà ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò ní ilé, ìpàdé lásán ni. Ní ọdún 1928 Marcus Garvey yọ̀ǹda ilé kan fún wọn fún ọdún kan. Nígbà tí ọdún pé, wọ́n tún di aláìnílé. Lákòókò yìí Ṣólàńkẹ́ ti di lọ́yà. Ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò ṣe ni pé kí ó padà wá sí Èkó, kí ó dá ọ́fíìsì sílẹ̀, kí ó kọ́lé, kí ó sì ra mọ́tò. Ó padà wá lóòótọ́, ní ọdún 1929, àmọ́ owó ni ó wá tọrọ. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ní Freetown, ní Accra, ní Èkó, ó sì dé òkè Ọya. Ó ń bá ọba sọ̀rọ̀, ó ń bá oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí àwọn tó wà nílé lè máa dáwó jọ. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe owó ilé-ìwé ọmọ kankan. Ilé ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, ilé tí ọmọ ẹnikẹ́ni láti ilẹ̀ wa yóò ti rí bẹ́ẹ̀dì sùn.

Nígbà tó ń padà, kì í ṣe owó nìkan ló mú lọ. Ó mú ìyàwó lọ, Ọpẹ́olú Ọbísànyà. Ní ọdún 1933 ilé náà ṣí ní ojúlé 62, Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó, Ọpẹ́olú ni ìyá ilé. Àwọn tó kọ ìtàn ẹgbẹ́ yìí sábà máa ń kọ ìwé púpọ̀ lórí ọkọ, wọ́n á sì fi ìlà méjì kan ìyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ ti se oúnjẹ àpéjọ rí, ẹ fi ọkàn ro ó wò. Ilé tó kún fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ebi ń pa, nínú òtútù, nígbà tí kò tíì sí ìsọ̀ tó ń ta gààrí àti ẹ̀lùbọ́ káàkiri Lọ́ńdọ̀nù bíi ti òde òní. Àwọn àlejò ńlá ń wá síbẹ̀, Paul Robeson, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, wà lára wọn. Ẹni tó ń gbé àwo wá, tó sì ń kó àwo lọ, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ìyá wọn.

Nǹkan kò lọ ní wọ́ọ́rọ́ wọ́. Ní ọdún 1934 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ran ilé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ́wọ́ láti ṣí, wọ́n sọ ọ́ ní Aggrey House, ní ìrántí Aggrey ti Gold Coast. Ilé tó dára ni. Ṣólàńkẹ́ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó gbà pé ẹni tó fún ọ ní bẹ́ẹ̀dì yóò fẹ́ mọ ohun tí ò ń sọ lórí rẹ̀, ìjọba sì fẹ́ máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́. WASU ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má lọ síbẹ̀. Àwọn kan lọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sì dojú kọ Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ní kò ṣe ìṣirò owó bó ṣe yẹ, wọ́n ní ó ń ṣe bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. A kò ní bo èyí mọ́lẹ̀. Olórí kunkun ni, ẹni tó bá sì ti fi ọdún mẹ́ta tọrọ owó kì í fẹ́ kí ọmọdé bi òun léèrè bí òun ṣe ná an. Akápò ẹgbẹ́ ilé ìjọsìn èyíkéyìí lè sọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí.

Lórí ọ̀rọ̀ Aggrey House, a rò pé ó jàre. Síbẹ̀ òun náà padà gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nítorí owó tó ń ti ilé wá kò tó mọ́. Ní ọdún 1938 WASU kó lọ sí ilé tó tóbi jù ní Camden Square. Aggrey House ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1940. Èyí tí owó wa bẹ̀rẹ̀ ló pẹ́ jù.

Àpẹẹrẹ ìdáwójọ bẹ́ẹ̀ tàn dé ibi púpọ̀ lákòókò yẹn. Ní ọdún 1938 ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò dáwó jọ, wọ́n sì rán ọ̀dọ́ mẹ́fà lọ sókè òkun. Ní ọdún 1945, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ Yorùbá sì wà lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn yóò ṣe. Lónìí ọ̀nà ti pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1959 ṣì wà. Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, ń san owó ilé-ìwé, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó oṣooṣù fún ọdún kan, ó sì ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì àti pé kí ọmọ padà wálé fún ọdún méjì. Kọ́bọ̀ kan kò sí lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò bá ọmọ yín rí i gbà, ẹ sá fún un. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ní rí irú èyí tó san ohun gbogbo. Èyí tó san ìdajì owó ilé-ìwé ni wọ́n máa rí, ilé àti oúnjẹ yóò sì ṣẹ́kù. A ti bá wọn ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ìdágbére tí owó rẹ̀ tó san ilé oṣù kan fún ọmọ náà. Àwa tí à ń kọ èyí wà níbẹ̀, a sì jó.

Nígbà ogun Hitler, ilé Ṣólàńkẹ́ di ibi tí wọ́n ti ń béèrè òmìnira. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941 Clement Attlee, tó jẹ́ igbákejì Churchill nínú ìjọba, bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní òmìnira tí wọ́n ń torí rẹ̀ jagun wà fún gbogbo ènìyàn, dúdú àti funfun. Ní ọdún 1942 ẹgbẹ́ béèrè ní gbangba pé kí á fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìjọba ara rẹ̀. Ní ọdún 1944 Ṣólàńkẹ́ tún wálé wá tọrọ owó, ọdún mẹ́rin ló lò lọ́tẹ̀ yìí. Ọpẹ́olú ló wà lẹ́yìn.

Nígbà tó padà dé ní ọdún 1948, ilé kò rí bó ṣe fi í sílẹ̀. Ogun ti parí, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti pọ̀ ju bí ó ṣe rí nígbà tí ìlẹ̀kùn ń tì mọ́ òun lójú. Kwame Nkrumah ti kọjá níbẹ̀, ó ti ṣe igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́, ó sì ti lọ sílé lọ ja ìjà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gba ipò rí Ṣólàńkẹ́ bí àgbàlagbà tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Wọ́n rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ẹgbẹ́ tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Kò bá wọn jà títí. Ó ń tọ́jú ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìṣó, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó rí i kí Gánà tó gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, lábẹ́ Nkrumah. Kò rí ti Nàìjíríà. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, lẹ́yìn ọdún 36 tó ti lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin.