Gnonnas Pedro, olórin tí ó mú wa fẹ̀sọ̀ jó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún yín lónìí kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe olóṣèlú. Olórin ni. Gnonnas Pedro ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti kú. Síbẹ̀, bí orin rẹ̀ bá dún níbi ìgbéyàwó, ì báà jẹ́ ní Tchaourou tàbí ní Kútọnu, àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn á gbàgbé ìrora. Ọkọ á na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì bọ́ sí agbo. Báwo ni ọmọ Lokossa yìí ṣe sọ ijó tí ó ti òkè òkun wá di tiwa, tí kò sì jẹ́ kí ijó tiwa parun? Ìbéèrè tí ìtàn yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Ìbí rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀

Ọjọ́ 10, oṣù kìíní, ọdún 1943 ni a bí i ní ìlú Lokossa, ní agbègbè odò Mono, níbi tí ilẹ̀ wa ti súnmọ́ ilẹ̀ Tógò. Dàhòmì ni orílẹ̀-èdè yìí ń jẹ́ nígbà náà, àwọn Faransé ni ó sì ń ṣe àkóso rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ní Kwassivi nínú, nítorí pé Kwassi ni àwọn ará agbègbè náà máa ń sọ ọmọkùnrin tí a bá bí ní ọjọ́ Àìkú. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni Pierre. Gnonnas ni orúkọ ìdílé rẹ̀.

Níbo wá ni Pedro ti wá? Pedro ni àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì ń pe ẹni tí àwọn Faransé ń pè ní Pierre. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ràn orin erékùṣù Kúbà, èdè Sípéènì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ó yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí èdè orin tí ó fẹ́ràn. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kò kúrò níwájú, orúkọ àlejò ni ó tẹ̀ lé e. Bí ó ti ṣe orúkọ rẹ̀ ni ó ṣe orin rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ijó tí ó lọ tí ó sì padà

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ irú ijó tí à ń sọ. Ní ayé àtijọ́, ìyá ọkọ tàbí baba ìyàwó kò lè rí i kí ọkùnrin di obìnrin mú ní gbangba, kí wọ́n sì sọ pé ijó ni àwọn ń jó. Nínú ijó ìbílẹ̀ wa, ọkùnrin àti obìnrin lè kọjú sí ara wọn, wọ́n lè pe ara wọn níjà pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti èjìká, ṣùgbọ́n wọn kì í di ara wọn mú. Ijó ìdìmọ́ra ti ọ̀nà òkun wá. Àwọn òyìnbó jó o, àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ sì wò wọ́n kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ti Kúbà yàtọ̀. Ní ìgbà òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kó láti etíkun wa lọ sí erékùṣù náà. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Arará ni wọ́n ń pe àwọn tí ó ti ilẹ̀ Dàhòmì lọ, láti inú orúkọ ìlú Allada. Àwọn wọ̀nyí kò gbàgbé ìlù wọn. Títí di òní ni a ń lu bàtá ní Kúbà. Nígbà tí ó yá, ìlù àwọn ọmọ ẹrú àti ijó ìdìmọ́ra àwọn òyìnbó pàdé, wọ́n sì di ohun kan. Láti inú ìdàpọ̀ náà ni orin bíi boléro, cha-cha-cha, pachanga àti èyí tí àwa ń pè ní rumba ti jáde.

Ní ọdún 1933, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwo orin Kúbà fún títà ní Áfíríkà. GV ni àmì tí ó wà lára àwọn àwo náà. Àwọn ènìyàn rà wọ́n bí ẹni ra iyọ̀. Wọn kò gbọ́ èdè Sípéènì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìlù náà. Ó jọ ohun tí etí wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú orin Kúbà, igi kékeré méjì wà tí a ń lù mọ́ ara wọn, ìlù rẹ̀ márùn-ún ni: mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ agogo wa rí kò ní sọ pé àjèjì ni. Ọmọ tí a gbé lọ ni ó padà wálé, aṣọ rẹ̀ nìkan ni ó yí padà.

Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ọdún 1960, Dàhòmì gba òmìnira. Gnonnas Pedro jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ijó gbalẹ̀ kan. Ìlú ńlá kọ̀ọ̀kan ní ilé ijó tirẹ̀ àti ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀. Kútọnu àti Àjàṣẹ́ nìkan kọ́ ni. Ní Parakou, tí kò jìnnà sí Tchaourou, ẹgbẹ́ olórin Super Borgou dìde, wọ́n sì ń fi rumba pọ̀ mọ́ orin àwọn Bàrìbá àti Dẹ́ńdì.

Ní àwọn ọdún 1960 náà ni Gnonnas Pedro bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Nígbà tí ó yá, ó di olórí ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Dadjès. Ó ń kọrin ní èdè Sípéènì gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó kọrin ní èdè Mina, ní Adja, ní Fon, ní Yorùbá, ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó lajú ni ó ń jó boléro, ará oko ni ó ń jó ijó ìbílẹ̀. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá borí, ọmọ kò ní mọ ijó baba rẹ̀ mọ́. Èyí ni ewu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Gnonnas Pedro kò ṣe ìwàásù nípa rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi dáhùn.

Agbadja

Ní agbègbè Mono àti ní ilẹ̀ Tógò, àwọn Adja, àwọn Mina àti àwọn Éwé ní ijó kan tí ó ń jẹ́ agbadja. Ẹni tí ń jó o á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á ká apá, á sì máa gbọn èjìká àti ẹ̀yìn bí ẹyẹ tí ó fẹ́ fò. Ènìyàn méjì sábà máa ń kọjú sí ara wọn, ọ̀kan á jó, èkejì á sì fi ara dá a lóhùn. Níbi ìsìnkú, níbi àjọ̀dún, níbi ayẹyẹ, agbadja ni wọ́n ń jó.

Gnonnas Pedro mú ìlù yìí, ó fi gìtá àti kàkàkí òyìnbó sí i, ó sì gbé e wọ ilé ijó. Agbadja òde òní ni a mọ̀ ọ́n sí. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó wọ kóòtù tí ó fi bàtà dídán jó boléro lè dúró síbẹ̀ kí ó jó agbadja ní alẹ́ kan náà, kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tọkọtaya á di ara wọn mú nínú orin kan, wọ́n á fi ara wọn sílẹ̀ nínú èkejì, wọ́n á sì máa wo ojú ara wọn nínú méjèèjì.

Orin tí ó fi èdè wa kọ

Àwa tí a ń sọ Yorùbá kò lè gbàgbé orin rẹ̀ tí ó pè ní Fẹ̀sọ̀ Jayé. Ó wà lára àwọn orin rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Ọmọ Lokossa ni, Yorùbá kì í ṣe èdè ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé èdè náà ń lọ láti Ṣábẹ̀ dé Kétu, láti Àjàṣẹ́ dé Èkó. Ọ̀rọ̀ tí ó yàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí wa ti ń sọ fún àwọn ọmọ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ni ó ń le koko.

Ẹni tí ó bá mọ ijó ìdìmọ́ra mọ̀ pé ẹ̀sọ̀ ni òfin rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkùnrin kì í fa obìnrin bí ẹni fa ewúrẹ́. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sọ ibi tí ó ń lọ, obìnrin á gbọ́, á sì dáhùn. Nínú sálsà, a ń ka ìlù dé 8: a gbé ẹsẹ̀ ní 1, 2, 3, a sinmi ní 4, a tún gbé e ní 5, 6, 7, a sinmi ní 8. Nínú ìsinmi náà ni adùn wà. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí alẹ́ dákẹ́

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 1972, àwọn ológun tí Mathieu Kérékou jẹ́ olórí wọn gba ìjọba. Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 1975, Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọdún ìyípadà náà kò rọrùn fún àwọn olórin. Òfin kónílé-ó-gbélé mú kí alẹ́ kúrú. Ilé ijó tí a bá tì kí ilẹ̀ tó ṣú tán kò lè bọ́ olórin. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tú ká.

Àṣà ijó náà ń yí padà. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dé, lẹ́yìn rẹ̀ dísíkò dé. Nínú àwọn ijó wọ̀nyí, olúkúlùkù ń jó fún ara rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá fẹ́ jó kò nílò kí ó tọrọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Òmìnira ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀, pàápàá fún ọmọbìnrin tí kò fẹ́ kí ẹni tí kò wù ú fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ohun kan lọ: ìgboyà láti lọ bá ẹnìkan, láti bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àti láti gbà láìbínú bí ó bá kọ̀.

Africando

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ibrahima Sylla, ẹni tí ń gbé àwo orin jáde, àti Boncana Maïga, ọmọ ilẹ̀ Málì, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Africando. Boncana Maïga wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba Málì rán lọ kọ́ orin ní Kúbà ní ọdún 1964. Èrò wọn ni pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà máa kọrin ní èdè wọn, kí àwọn tí ó gbówọ́ nínú sálsà ní New York sì máa lu ohun èlò.

Ní ọdún 1995, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wọn, Pape Seck ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, kú. Gnonnas Pedro ni wọ́n pè láti rọ́pò rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Ọjọ́ orí tí àwọn mìíràn ń ronú ìsinmi ni ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tuntun. Ní ọdún 1996, ohùn rẹ̀ wà nínú àwo tí Africando pè ní Gombo Salsa. Yiri Yiri Boum, orin tí Silvestre Méndez ti Kúbà ṣe, di orin tí a fi ń dá Gnonnas Pedro mọ̀ ní gbogbo ayé. Nípa báyìí, ọmọ ẹni tí wọn kò kó lọ kọ orin àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n kó lọ, àwọn méjèèjì sì jó o pọ̀.

Ikú rẹ̀

Gnonnas Pedro kú ní Kútọnu ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 2004. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Títí ó fi kú ni ó ń bá Africando kọrin. Ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Jámánì kó àwọn orin àtijọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti El Rego, Honoré Avolonto àti Antoine Dougbé, wọ́n sì tà wọ́n fún àwọn tí kò tíì bí nígbà tí a kọ́kọ́ kọ wọ́n.

Lónìí, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ ń san owó fún olùkọ́ kí ó lè fi ijó sálsà hàn wọ́n. Àwọn òbí wa fi ojú wò ó kọ́ ni, ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ àbúrò mú, wọ́n sì jó o nínú àgbàlá. Bí orin rẹ̀ bá tún dún níbi ìnáwó kan ní abúlé yín, ẹ wo àwọn àgbà dáadáa. Ẹ wo ibi tí baba gbé ọwọ́ lé, ẹ wo bí ìyá ṣe ń dúró díẹ̀ kí ó tó yí. Lẹ́yìn náà kí ẹ dìde, kí ẹ na ọwọ́ sí ẹnìkan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì fẹ̀sọ̀ jó.