Ibn Sina àti Òṣùwọ̀n Oògùn

Ọ̀gá oníṣègùn kan tó ti kú ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí. Ohun tó sún wa dé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ ilé-kéú wa kan níhìn-ín ní Kábà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lóru, ó pọ́n, ó ń ta á débi pé aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n bá a ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri lọ́jọ́ ọjà. Hóró méjì ni wọ́n ní kó lò. Bàbá lo mẹ́jọ kí ara lè tètè dá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́hun ló kó o yọ.

Abu Ali al-Husayn ọmọ Abdullah ni orúkọ ẹni tí à ń wí, ṣùgbọ́n Ibn Sina ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 980, tí í ṣe 370 Hijira, ni wọ́n bí i ní Afshana, abúlé kan lẹ́bàá Bukhara, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Uzbekistan lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó há Àlùkùránì sórí. Nígbà tí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ń tọ́jú aláìsàn. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọba Bukhara, Nuh ọmọ Mansur, ṣàìsàn, tí wọ́n sì pe ọmọdékùnrin yìí mọ́ àwọn oníṣègùn àgbà. Ọba gbà á láyè láti wọ ilé ìwé ààfin, ibẹ̀ ló sì ti ka ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí kà.

Nígbà tí ìjọba Bukhara fọ́, ó di alárìnkiri. Ní Gorgan ni Abu Ubayd al-Juzjani ti di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọkùnrin yìí la fi mọ púpọ̀ nínú ìtàn ìgbẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀. Ní Hamadan, ó di wàsíírì ọba, àwọn ọmọ ogun kó ilé rẹ̀, wọ́n tún tì í mọ́lé fún bí oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló sá lọ sí Isfahan. (A mọ̀ pé àwọn àáfà kan kò gba ti ìmọ̀ ọgbọ́n orí rẹ̀, al-Ghazali sì kọ̀wé takò ó. Ọ̀rọ̀ oògùn la wà lónìí o.)

Ìwé ìṣègùn rẹ̀, al-Qanun, jẹ́ apá márùn-ún. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, wọ́n sì fi ń kọ́ni ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú apá kejì ló ti ṣe òfin bí a ṣe ń dán oògùn wò: kí agbára oògùn bá ti àìsàn mu, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí díẹ̀, kí a ṣọ́ àkókò tó ń ṣiṣẹ́, kí a sì dán an wò lára ènìyàn, nítorí ohun tó ṣe ẹṣin ní rere lè má ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Àìsàn tó mú bàbá Kábà, niqris ni Lárúbáwá ń pè é. Àwọn dókítà ń pè é ní gout. Uric acid ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó di bí iyanrìn wẹ́wẹ́ sínú oríkèé. Ibn Sina mọ ewéko kan fún un, suranjan, ó sì kọ ọ́ pé ó ń rọ ìrora lójú ṣùgbọ́n pé ó ń ba ikùn jẹ́. Láti inú ìran ewéko yìí kan náà ni colchicine ti wá, oògùn tí wọ́n ń fún olóògùn gout títí di òní. Nígbà kan, àwọn oníṣègùn a máa ní kí aláìsàn lò ó ní wákàtí wákàtí títí ìgbẹ́ gbuuru yóò fi dé. Ìwádìí ti wá fi hàn pé díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi púpọ̀. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ni milligram 1.2 bí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀, àti 0.6 lẹ́yìn wákàtí kan, ó parí fún ọjọ́ náà. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń pani. Ẹni tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, tàbí tó ń lo clarithromycin, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà.

Allopurinol yàtọ̀. Kì í ṣe oògùn ìrora. Ó ń dín uric acid kù ni, láti orí díẹ̀ ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ lè tún wú ní oṣù àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìdí láti jáwọ́. Ṣùgbọ́n bí ara bá sú, kí ó dá a dúró, kí ó gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Diclofenac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń jẹ bí ẹ̀pà níhìn-ín ń fa ọgbẹ́ inú, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ náà sọ fún dókítà, nítorí òmíràn nínú wọn ń mú uric acid pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó bá ọba Isfahan, Ala al-Dawla, lọ sójú ogun, inú rírun líle tí wọ́n ń pè ní qulanj sì mú un. Ẹ̀rù bà á pé bí ogun bá sá, wọn yóò fi òun sílẹ̀, ló bá ní kí wọ́n fún oògùn olómi gba ìdí òun lẹ́ẹ̀mẹjọ lóòjọ́ kan ṣoṣo. Òun tó kọ òfin sùúrù fún aláìsàn! Ìfun rẹ̀ di ọgbẹ́, gìrì sì tẹ̀lé e. Ó ní kí wọ́n fi dániq méjì èso karafs sínú oògùn náà. Oníṣègùn tó ń tọ́jú rẹ̀ fi dírhámù márùn-ún sí i. Dániq mẹ́fà ló wà nínú dírhámù kan, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Al-Juzjani kọ ọ́ pé òun kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí ó ṣì í, nítorí òun kò sí níbẹ̀. Ọgbẹ́ inú náà pọ̀ sí i. Nínú oògùn gìrì rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ẹrú rẹ̀ kan da ọ́píọ́mù púpọ̀ sí i. Wọ́n ti jí i lówó kó, wọn kò fẹ́ kó dìde wá bi wọ́n.

Wọ́n gbé e dé Isfahan, ó tọ́jú ara rẹ̀ títí tó fi lè rìn, ṣùgbọ́n kò ṣọ́ra tó. Nígbà tí ọba tún gbéra lọ sí Hamadan, àìsàn náà padà lójú ọ̀nà. Ó mọ̀ pé agbára ara òun ti tán, ó sì pa ìtọ́jú tì. Wọ́n gbà á gbọ́ pé ó fi dúkìá rẹ̀ tọrẹ fún tálákà, ó dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń parí Àlùkùránì ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ó kú nínú oṣù Ramadan ọdún 428 Hijira, tí í ṣe 1037, nígbà tó tó ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Hamadan, ní ilẹ̀ Iran, ni ibojì rẹ̀ wà di òní.