Waldemar Haffkine àti Ìgò Kan ní Mulkowal

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí òwe yìí, Waldemar Haffkine ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn nìkan.

Ní 1860 ni wọ́n bí Haffkine sí Odessa, ìlú tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, tí ó wà ní Ukraine lónìí. Júù ni. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni ó kọ́ ní yunifásítì ìlú náà lábẹ́ Mechnikov, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908. Ní 1889 ó lọ sí Ilé Ìwádìí Pasteur ní Paris. Iṣẹ́ igbákejì olùtọ́jú ìwé ni ó rí níbẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni ó ń ṣe ìwádìí.

Àrùn onígbáméjì ni ó kọ́kọ́ dojú kọ. Nígbà tí ó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán ní 1892, ara òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gún un sí. Ní 1893 ó gbéra lọ sí Íńdíà, ó sì gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ náà. Ní 1896, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Bombay, tí à ń pè ní Mumbai lónìí. Láàárín oṣù díẹ̀, Haffkine ti ṣe abẹ́rẹ́ ti ìyẹn náà, ó sì tún fi ara rẹ̀ dán an wò ní oṣù kìíní 1897.

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu ni ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 1902. Ní abúlé Mulkowal ní Punjab, ènìyàn 107 ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ yìí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, àgbọ̀n 19 nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í há, ara wọn le bí igi. Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Gbogbo wọn ni ó kú. Ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n ti fa oògùn ti àwọn 19 náà. Ohunkóhun kò ṣe àwọn tí wọ́n gún láti inú ìgò yòókù.

Inú erùpẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí ni ó sì ti ń rọ́wọ́ mú. Níbo wá ni ó ti kó sínú ìgò? Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní yàrá ìwádìí Haffkine ni. Ohun tí wọ́n rí dìmú ni pé ó ti yọ kábọ́líìkì, oògùn apakòkòrò, kúrò nínú rẹ̀, ooru iná nìkan ni ó sì gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn wà. Ní Mulkowal, ẹ̀mú tí wọ́n fi ṣí ìgò náà ti bọ́ lulẹ̀ lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà, wọn kò sì fi iná pa kòkòrò ara rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá ṣe pé láti Bombay ni kòkòrò náà ti wà nínú ìgò, oògùn náà ìbá ti máa rùn. Dókítà tí ó wà níbẹ̀ kò sì gbọ́ òórùn kankan.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ronald Ross, ẹni tí ó fi hàn pé ẹ̀fọn ní ń gbé ibà kiri, gba ọ̀rọ̀ náà rò. Ní 1907, òun àti àwọn onímọ̀ mìíràn fọwọ́ sí lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn The Times. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gba ipò rẹ̀ ní Bombay, Calcutta ni ó sì padà sí. Ní 1925 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá ìwádìí Bombay. Ó kú ní Lausanne ní Switzerland ní 1930.

Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìmọ́tótó oògùn kì í parí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ó di ọwọ́ ẹni tí ó gún ẹni tí ó kẹ́yìn. Èkejì ni pé ìdájọ́ tí kò wádìí dé ìdí kò san gbèsè òkú kankan. Òtítọ́ tí wọ́n fi ọdún márùn-ún dù Haffkine, àwọn 19 ará Mulkowal náà ni wọ́n fi dù.